Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Èrò ọkàn mi nìyí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lẹ́nu. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ò bá mọwọ́ ara wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń ṣe ni pé wọ́n á háyà gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á dá fáníìlà kan náà fún gbogbo èèyàn, wọ́n á fa okùn, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀, ara nílò ìsinmi. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ Ajé, bó ṣe wà náà ló ń wà, torí ibi tó ń dun iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Ẹ wo ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀ títí, á wá ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ?" Gbogbo èèyàn á máa wo tábìlì. Ẹnì kan á ní, "Kò sí, sà." Wọ́n á ṣàdúrà, ó parí. Ìgbà tí wọ́n bá dé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹnu wọn á tó là: "Ọjà yẹn ò lè dé l'Ọ́jọ́bọ̀ o. Dírẹ́bà ní ọkọ̀ ti bàjẹ́ láti Jímọ̀." Ẹni tó mọ̀ jókòó síbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń ṣèlérí Ọjọ́bọ̀ fún oníbàárà, ó panu mọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́?

Mo fẹ́ràn ọ̀wọ̀ àgbà, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa wo ọ̀gá rẹ̀ níran títí tí ọ̀gá náà á fi kó sí kòtò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní March 27, 1977, ní erékùṣù Tenerife nílẹ̀ Sípéènì, kùrukùru bo pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀gá awakọ̀ bàálù KLM, tó tún ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra láìjẹ́ pé wọ́n ti gbà á láyè. Ẹnjiníà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bi í bóyá bàálù mìíràn, ti ilé iṣẹ́ Pan Am, ti kúrò lọ́nà. Wọ́n dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Kò tún tẹnu mọ́ ọn mọ́. Pan Am ṣì wà lọ́nà, bàálù méjèèjì sì forí gbárí. Èèyàn 583 ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú wá ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ta ko ọ̀gá, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá bó ṣe ń gbọ́.

Àwọn oníṣègùn náà ṣe tiwọn. Nínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ tí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé jáde ní 2008, kí wọ́n tó fi abẹ kan aláìsàn, olúkúlùkù tó wà ní yàrá náà á sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n dán ìwé náà wò ní ìlú mẹ́jọ, títí kan London àti Ifakara ní Tanzania. Ikú dín kù láti 1.5 nínú 100 aláìsàn sí 0.8. Orúkọ tí wọ́n dá nìkan kọ́ ló ṣe é o, àmọ́ mo gbà pé ẹni tó ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣòro fún un láti tún là á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Bí ẹ bá ti sọ pé Ọjọ́bọ̀, ta ni yóò sọ pé rárá? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù. Ẹ má sì bi í pé ṣé ó ní ọ̀rọ̀, ẹ bi í pé, "Kí lo rí tó lè dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Ìyẹn ní ìdáhùn. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mú ìròyìn burúkú wá, gbogbo ojú ló máa wà lára yín. Bí ẹ bá jágbe mọ́ ọn, ó tán nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n á tún ti máa ṣèpàdé gidi. Bí ẹ bá ní, "O ṣeun, jókòó kí a wò ó," ẹlòmíì á sọ tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ẹ pe dírẹ́bà wọlé, kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.