Ọwọ́ Wo Lo Fi Júwe Ilé Baba Rẹ?

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé tí kò gbọ́ ọ rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbá wa lọ́wọ́ pé ká má fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ká má fi òsì kí èèyàn. Bí àlejò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń béèrè agboolé yín, ọwọ́ ọ̀tún lo máa nà. Bó bá jẹ́ òsì lo nà sí i, kí àlejò náà tó débẹ̀ ló ti mọ̀ pé ilé ọ̀hún ò jọ ọ́ lójú.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ òwe yìí di "pa ẹnu rẹ mọ́". Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òrùlé ilé baba òun ń jò, a ní ó ti fi òsì júwe ilé. Òwe náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní kí ọmọ má júwe ilé. Ọwọ́ tí yóò fi júwe é ló ń wí. Ọwọ́ ọ̀tún lè tọ́ka sí ibi tó ń jò. Àní ó yẹ kó tọ́ka sí i, nítorí àlejò tí a ṣèlérí ilé gbígbẹ fún, tó wá ta jí lóru tí ẹní rẹ̀ ti rin gbingbin, kò ní gbà wá gbọ́ mọ́. Àwọn àgbà kan náà ló ṣáà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Obìnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá rárá ló jẹ́ kí òwe yìí yé mi dáadáa. Marjane Satrapi ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Rasht ní Iran ni wọ́n bí i sí ní 1969, Tehran ló sì gbé dàgbà. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ìjọba yí padà ní 1979. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó tú jáde sí ìgboro kí ọba lè lọ. Ọba lọ lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi ìborí dandan lé àwọn ọmọbìnrin lórí nílé ìwé, wọ́n sì pa Anoosh, ìbátan rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ràn bí ojú. Anoosh yìí ti ṣẹ̀wọ̀n lábẹ́ ọba tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan tó fi búrẹ́dì mọ lẹ́wọ̀n ló fi ta ọmọ náà lọ́rẹ.

Ọmọ náà ò lè dákẹ́ nílé ìwé. Olùkọ́ ní kò sí ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú mọ́ ní Iran, ó dìde ó ní irọ́ ni. Ẹ̀rù ba àwọn òbí rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Vienna ní Austria, ọmọ ọdún 14. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló sùn. Ìyá àgbà yìí a máa ja òdòdó jásímínì láràárọ̀, a sì kó o sí àyà kí ara rẹ̀ lè máa ta sánsán. Ó gba ọmọ náà níyànjú pé kó má ṣe gbé ìkorò tàbí ẹ̀san sọ́kàn, pé kó di iyì ara rẹ̀ mú. Àwa náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ tó ń ti ilé lọ: rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.

Ó dé Vienna. Níbi àríyá kan, ọmọkùnrin kan bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní ọmọ Faransé lòun.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì wà. Kò bú Iran, kò sọ ohun burúkú kan nípa rẹ̀. Ó kàn fi ilé baba rẹ̀ pamọ́ ni, bí ẹni fẹsẹ̀ ti ohun ìtìjú sábẹ́ àga. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kò sì jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí àwọn ọmọbìnrin kan ń fi irọ́ náà ṣẹlẹ́yà lẹ́yìn rẹ̀, ló bá pariwo mọ́ wọn níbẹ̀ pé ọmọ Iran lòun, òun sì ń fi yangàn.

Ojú rẹ̀ rí màbo lẹ́yìn ìyẹn. Ó sun ìta nígbà òtútù, ó wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀, ó padà sí Tehran lẹ́yìn ọdún 4, ó kàwé, ó lọ́kọ, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1994 ó tún gba Faransé lọ.

Paris ló ti wá júwe ilé. Ìwé ìtàn alàwòrán ni, Persepolis lorúkọ rẹ̀, apá 4, láti 2000 títí di 2003, gbogbo rẹ̀ ní àwòrán dúdú àti funfun. Ó sọ ìdí tó fi kọ ọ́: ó ní kò tọ́ kí a torí ìwà àwọn aláṣejù díẹ̀ dá gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni òun ò fẹ́ kí a gbàgbé àwọn tó kú sẹ́wọ̀n nítorí òmìnira. Ẹ wo bí ó ṣe so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀wọ̀n wà nínú ìwé yẹn, bọ́ǹbù wà níbẹ̀. Ìyá àgbà àti òdòdó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àwọn èèyàn tó ń jó lẹ́yìn kọ́tìnì tí wọ́n fà bo fèrèsé. Ẹni tó ń fi òsì júwe kì í rántí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ohun tó ń jò nìkan ló mọ̀.

Ní 2007, òun àti Vincent Paronnaud sọ ìwé náà di fíìmù àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Àjọ̀dún sinimá Cannes ní Faransé fún un ní àmì ẹ̀yẹ àwọn adájọ́, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó du Oscar. Àjọ Farabi tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sinimá ní Iran kọ̀wé ẹ̀hónú sí àwọn aṣojú Faransé ní Tehran pé fíìmù náà parọ́ mọ́ ìyípadà ìjọba 1979. Ọwọ́ òsì ni wọ́n pè é. Ní Tunisia, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gbé e sáfẹ́fẹ́ ní 2011, àwọn tínú ń bí ya lu ilé iṣẹ́ náà, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn 2,400 dínárì lé ẹni tó ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìhà ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n ti ń bẹ̀rù rẹ̀: ní 2013, àwọn aláṣẹ ilé ìwé ìjọba ní Chicago kó ìwé kan náà kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọdé kan.

Bó ṣe ń sọ òótọ́ fún ilé baba rẹ̀ ló ń sọ fún onílé tó gbà á lálejò. Ní 2025, Faransé fẹ́ fi oyè Légion d'honneur dá a lọ́lá. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní àgàbàgebè ni ìwà wọn sí Iran, pé wọ́n ń fi físà du àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá òmìnira, nígbà tí ọmọ àwọn alágbára Iran ń yan fanda ní Paris. Èmi gbà pé ibí yìí la ti ń mọ ọwọ́ tí èèyàn fi júwe. Ẹni tó bá ń bu ilé rẹ̀ kù kí onílé lè pàtẹ́wọ́ fún un, kò ní lè ta oyè onílé nù.

Satrapi tún ṣe fíìmù nípa Marie Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2019, kò sì yà mí lẹ́nu. Poland ni wọ́n bí Curie sí, Paris ló ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣàwárí èròjà tuntun kan ní 1898, polonium ni wọ́n sọ ọ́, láti inú orúkọ Poland, lásìkò tí àwọn ìjọba ńlá mẹ́ta ti pín Poland mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí kò sí lórí máàpù mọ́. Bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń gùn tó nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń kọ̀wé, tí ẹ ń ya fíìmù, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwe yìí dí yín lẹ́nu. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́. Kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ bi ara yín pé ta lẹ fẹ́ràn nínú ilé náà, ẹ sì jẹ́ kí ẹni yẹn wọnú ìtàn.

Ní òpin fíìmù Persepolis, obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú Paris, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ takisí, òjò ń rọ̀. Awakọ̀ bi í pé ibo ló ti wá. Ó dá a lóhùn pé Iran.