Ẹ Yẹ Ilé Wò Kí Ẹ Tó Wó O

Bí ilé kan bá ti dá páropáro tí ẹnikẹ́ni kò lò ó mọ́, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu onílé àti ìjọba ni pé ìgbà wo ni katakata máa dé. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni ohun tí ilé náà ṣì lè ṣe, a kò sì lè mọ̀ ọ́n àfi bí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá wọ inú ilé, tí wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ìjọba má fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé wíwó kankan tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀. Kí àwọn yunifásítì náà sì sọ ẹ̀kọ́ nípa títún ilé tó ti wà nílẹ̀ lò di dandan fún gbogbo ẹni tó fẹ́ di ayàwòrán ilé tàbí ẹnjiníà.

Ẹ wo símẹ́ǹtì. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú iná ìléru tó ń gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tí wọ́n fi dáná ń rú èéfín, òkúta fúnra rẹ̀ náà sì ń tú carbon dioxide jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Ìdí nìyẹn tí símẹ́ǹtì nìkan fi kó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lára carbon dioxide tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run. Ti ilé tó ti dúró ti jáde tán, kò sẹ́ni tó lè kó o padà. Bí a bá wó o, tí a tún kọ́ tuntun, òmíràn la tú lé e. Lọ́dún 2012, àjọ National Trust for Historic Preservation ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé ilé tuntun, bó tilẹ̀ ń ṣọ́ iná lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lè gba ọdún 10 sí 80 kó tó dí ìpalára tí kíkọ́ rẹ̀ ṣe fún ojú ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ti darúgbó kó tó dìgbà yẹn.

Àyẹ̀wò tí à ń sọ kì í ṣe ká dúró lójú títì ká máa wo ògiri. Wọ́n á yọ ègé róbótó kan lára òpó, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí wọ́n lè mọ ẹrù tó lè gbé. Wọ́n á fọ́n oògùn phenolphthalein sí ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ibi tó bá pọ́n bí àlùkò ṣì ń dáàbò bo irin inú rẹ̀. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí omi bá sì ráyè wọlé, irin lè dógùn-ún. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni, síbẹ̀ ojú lásán ni wọ́n ṣì fi ń dá ọ̀pọ̀ ilé lẹ́bi.

Ní àdúgbò Grand Parc ní ìlú Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, ilé ńláńlá mẹ́ta wà tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí ìdílé 530 lè gbé inú wọn. Àwọn ayàwòrán ilé Anne Lacaton àti Jean-Philippe Vassal, pẹ̀lú Frédéric Druot àti Christophe Hutin, kò wó wọn. Wọ́n to yàrá onígíláàsì àti bákónì mọ́ ara wọn níta, ó jìn tó mítà 3.8, wọ́n sì sọ fèrèsé kékeré di ilẹ̀kùn gíláàsì. Ohun tó wú wa lórí jù ni pé àwọn ayálégbé kò kó jáde nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, wọn kò sì fowó kún owó ilé wọn. Ọdún 2017 ni iṣẹ́ parí. Ní Cape Town, àgbá kọnkéré 42 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ọkà sí lọ́dún 1924 ti di ilé iṣẹ́ ọnà Zeitz MOCAA lọ́dún 2017. Bí ohun tí kò ní fèrèsé, tí kò ní àjà, bá lè gba àlejò, kí ló dé tí a fi ń yára wó ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́?

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣeé gbà là. Òmíràn kún fún asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, òmíràn fẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ kì í dé àárín rẹ̀, ìpìlẹ̀ òmíràn sì ti yẹ̀. Kí àyẹ̀wò sọ bẹ́ẹ̀, a ó gbà. Ti àwíjàre pé títún ilé ṣe wọ́n ju kíkọ́ tuntun lọ, òfin ló dá apá kan rẹ̀ sílẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, VAT, ìyẹn owó orí ọjà àti iṣẹ́, tó wà lórí kíkọ́ ilé gbígbé tuntun jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tún èyí tó wà ṣe sábà máa ń san ìdá 20 nínú 100. Aṣòfin tó ṣe irú òfin yìí lè tún un ṣe.

Kí ìròyìn àyẹ̀wò náà má sì sùn sínú fáìlì. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé náà gan-an, kí wọ́n fún àwọn ará àdúgbò ní oṣù mẹ́ta láti kà á kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn, kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé.