Sípíkà Tí Kò Tíì Jinná

Ẹni tó ra ẹ̀rọ orin tuntun, tó sì fẹ́ gbọ́ orin lọ́jọ́ náà gan-an, ojú onítọ̀hún kò tíì là. Àwọn àgbà ìdí ẹ̀rọ ti là á mọ́lẹ̀: sípíkà yẹn kò tíì jinná. Ó di ìgbà tó bá ké fún wákàtí 100 kí ẹ tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó le jù nínú àwọn àgbà náà ní ó di wákàtí 200. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kà á, wọ́n á ní etí àwọn ni.

Orin kọ́ ni wọ́n fi ń sè é o. Ariwo kan tí wọ́n ń pè ní pink noise ni, tó kàn ń ṣe ṣàààà tọ̀sán-tòru. Bí ará ilé bá ń ráhùn, ẹ dojú sípíkà méjèèjì kọra, ẹ gbé wáyà pupa sójú dúdú lára ọ̀kan, kí ohùn wọn máa pa ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ ìbora tó nípọn bò wọ́n. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó fi owó ńlá ra ohùn ló tún ń daṣọ bò ó kó má baà gbọ́ ọ.

Ká má parọ́, òótọ́ bín-ín-tín wà níbẹ̀. Rọ́bà tó yí ojú sípíkà ká máa ń le díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tó bá mì dáadáa, á dẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú dídẹ̀ náà ti parí láàárín wákàtí mélòó kan.

Wáyà ńkọ́? Hàà, wáyà náà gbọ́dọ̀ jinná! Bàbà tí iná ìléru yọ́ kò jinná níbẹ̀, orin jáàsì ni yóò sè é. Wọ́n tiẹ̀ ya ọfà sára òmíràn kí iná má baà ṣìnà. Bẹ́ẹ̀, iná orin ń lọ ó ń bọ̀ ni, láti ìgbà 20 títí dé 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èwo ni kó wá tẹ̀lé nínú àlọ àti àbọ̀?

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé kò sí sípíkà kankan tó jinná tán tó wá burú sí i. Gbogbo wọn ló ń dùn! Kò sẹ́ni tó fura pé etí ló ti mọ́ ọn lára.

Onítajà ló mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí. Ó fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà padà. Ẹni tó ń gbọ́ orin fún wákàtí 3 lójúmọ́ á lo ọjọ́ 67 kí 200 tó pé. Ẹ pè é pé ohùn yìí ń gún yín létí, á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kó jinná."

Ọ̀gbẹ́ni kan parí 100 tirẹ̀, ó ká aṣọ kúrò, ó gbé sípíkà sáàyè wọn, ṣùgbọ́n kò rántí dá wáyà pupa àti dúdú padà. Béèsì pòórá. Ohùn akọrin fọ́n ká gbogbo yàrá. Ló bá sáré tọ àwọn àgbà lọ. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kó fi 100 míì lé e.