Èsì wa sí oníbàárà tó ní clutch wa ń gbọ̀n, ó sì ń yọ̀

Ọ̀gá wa, ẹ kú ìrọ́jú. A ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, a sì ti wo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, a ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ pa á dà. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti so clutch náà, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú tí ẹ bá fẹ́ ṣí kúrò lójú kan. Pé bí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, bá sì ti wọlé lórí gíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì á ké lọ sókè, ọkọ̀ ò ní bá a lọ. Ẹ wá parí rẹ̀ sí pé ayédèrú la tà fún yín.

Ti gbígbọ̀n yẹn, ẹ̀bi wa ni. Disc tí ẹ rà, ìyẹn àwo inú clutch, ojú mẹ́fà péré ló fi ń di flywheel, àwo irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, mú, kò dà bí èyí tó bá ọkọ̀ wá, tí wọ́n bo gbogbo etí rẹ̀ yípo. Ó máa ń gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò mọ ẹ̀sọ̀. Lórí pápá eré ìje, ta ló rójú ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí kúrò lójú kan. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́? Ó yẹ ká ti kọ ọ́ gàdàgbà síbi tí a ti ń polówó ọjà náà, a ò kọ ọ́. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí.

Ti yíyọ̀ ló yàtọ̀. Ẹ ní agbára ẹṣin 400 ni ọkọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, clutch kì í gbé ẹṣin, torque ló ń gbé, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ́ ọ̀pá gíà. Ẹṣin 400 tó jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí 7,500 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi 380 Nm (òṣùwọ̀n torque) ni torque ibẹ̀. Ẹṣin 400 kan náà lórí 5,000, ó ti di 570 Nm. Tọ́bò yín kékeré, ó tètè ń wọlé, èkejì yẹn ló jọ tiyín. Síbẹ̀, 650 Nm la kọ sára clutch yìí. Kò yẹ kó yọ̀.

Fọ́tò kẹta ló tú àṣírí. A fẹ̀ ẹ́ lójú. Ní apá tó kọjú sí flywheel, òróró dúdú fọ́n láti àárín lọ sí etí, bí ìgbà tí ọmọdé fi ìka ọlọ́ràá fa ìlà. Apá kejì gbẹ táútáú. Ká ní ọ̀dọ̀ gíà ni òróró ti wá ni, apá kejì yẹn ni ì bá kọ́kọ́ rin. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni eléyìí ti wá, lára oil seal ìdí crankshaft, ìyẹn òrùka tó ń dí òróró mọ́ ìdí ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Kò sí clutch gbígbẹ irú èyí tó ń dúró lórí òróró, ìbáà jẹ́ ti ta ni. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi ìka nu abẹ́ seal yẹn wò. Seal fúnra rẹ̀ ò tó nǹkan, sísọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni wàhálà, ẹ sì ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ẹ dá disc náà padà bó ti wà, tòróró tòróró. A ó fi èyí tó bo gbogbo etí, tó ní spring láàárín, ránṣẹ́ pẹ̀lú pressure plate, irin tó ń tẹ disc mọ́ flywheel, tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ò ní gba nǹkan kan lé e. 600 Nm ló ń gbé. Ẹsẹ̀ òsì tí ẹ fi ń tẹ clutch á mọ̀ ọ́n lára o, ẹ má sọ pé a ò wí. Kí wọ́n gé ojú flywheel kó tẹ́jú, kí wọ́n sì fi omi ìfọ̀ bíréèkì fọ òróró tí wọ́n fi dènà ìpẹtà kúrò lára pressure plate kí wọ́n tó so ó. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á jẹ́jẹ́ fún 800 kìlómítà, kí ojú méjèèjì fi mọra. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ọjọ́ kejì lẹ ti bá ọ̀rẹ́ yín díje. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ disc yẹn ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí wa níkọ̀kọ̀, kí ẹ sì jẹ́ ká mọ bí ẹ ṣe bá seal náà.