Dídín gbogbo ẹ̀ kù bákan náà kọ́ ló ń mú ojú irin àwòṣe jọ gidi

"Ṣáà dín gbogbo ẹ̀ kù bákan náà, á jọ gidi." Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ojú irin àwòṣe sórí tábìlì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, òun náà ló sì ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Wọ́n á wọn ilé, wọ́n á wọn igi, wọ́n á wá ọ̀dà tó bá àwọ̀ ilẹ̀ mu gẹ́lẹ́, wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí wọ́n bá parí, nǹkan ìṣeré ọmọdé ló máa jọ. Ó ń dùn mí, torí ọwọ́ wọn mọṣẹ́. Ìmọ̀ràn yẹn ni kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni ìdá kan nínú 87, tí wọ́n ń pè ní HO. Tí ẹ bá dúró ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí tábìlì, ẹ ń wo ọkọ̀ ojú irin àwòṣe yẹn bí ẹni tó dúró ní mítà 52 sí ọkọ̀ gidi. Ẹ lọ wo àwọn páànù tó ti dípẹtà lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn lásìkò ọyẹ́. Èyí tó wà nítòsí pọ́n dáadáa, èyí tó jìnnà ti ṣì, eruku ti gba àwọ̀ lára rẹ̀. Iná inú yàrá kò sì lágbára tó oòrùn, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ níta á ṣókùnkùn tó bá wọlé. Torí náà, ọ̀dà tó bá àwọ̀ ohun gidi mu gẹ́lẹ́ máa ń le jù lórí àwòṣe. Ẹ fi ọ̀dà funfun díẹ̀ là á. Ẹ má fi dúdú kíkì kun ẹ́ńjìnnì, ẹ po ọ̀dà aláwọ̀ eérú mọ́ ọn, ìgbà yẹn lojú tó máa rí àwọn ìṣó àti ìlà ara rẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán, ibi omi nìkan ni kó mọ.

Omi gan-an, ẹ má da omi gidi síbẹ̀. Ẹ kun ìsàlẹ̀ odò, kí ẹ wá fi fáníìṣì bò ó ní ìpele-ìpele. Omi gidi kì í kéré mọ́ ohun tó yí i ká, pákó yín á sì wú.

Yẹ̀pẹ̀ ló ń tan ènìyàn jù. Hóró iyanrìn tó tó mílímítà 1 péré, òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 9 ló jẹ́ níwọ̀n yẹn, bẹ́ẹ̀ òkúta tí wọ́n ń dà sábẹ́ ojú irin gidi kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 6 lọ. Ẹ ra asẹ́ èlùbọ́ tó kúnná jù lọ́jà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́, kí ẹ fi jọ yẹ̀pẹ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan án gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gba mágínẹ́ẹ̀tì kọjá nínú rẹ̀, ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́ dára. Ilẹ̀ pupa tiwa ní irin nínú, tí ìyẹ̀ irin bá sì wọnú mọ́tò ẹ́ńjìnnì, ó parí fún un. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, omi, àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan ló máa mú un dúró.

Ìrókò tó ga ní mítà 40 yẹ kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 46 lórí tábìlì. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ rí i bó ṣe máa bo ibùdókọ̀ mọ́lẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 20 ti tó, kí àwọn tó wà lẹ́yìn sì kéré sí i, ojú á gbà pé wọ́n jìnnà ni. Koríko kì í sì í ṣe ewé tútù jálẹ̀ ọdún. Ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni kò mọ àwọ̀ bẹẹrẹ lóṣù kìíní? Fọ́nrán àpò ìdọ̀họ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ máa ń jọ ọ́ gan-an.

Ibi tí ìwọ̀n ti ṣe pàtàkì lóòótọ́ wà, ibẹ̀ gan-an la sì máa ń fojú fò. Ojú irin kò gba Ọ̀yọ́ kọjá. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó yà gba Òṣogbo ní 1907. Ọ̀pọ̀ wa kò gbé nítòsí rẹ̀, ohun tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì la ń rà. Irin tó wọ́pọ̀ lọ́jà yẹn fẹ̀ ní mílímítà 16.5 láti irin kan sí èkejì, torí ọ̀pọ̀ irin gidi ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹ̀ ní mílímítà 1435. Irin Òṣogbo fẹ̀ ní 1067 péré. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ Òṣogbo sórí irin 16.5 ní ìdá kan nínú 87, irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 lẹ kọ́ yẹn. Ẹ lo irin mílímítà 12, tàbí kí ẹ kan ọkọ̀ àti ilé ní ìdá kan nínú 64, kí 16.5 lè bá a mu. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Gúúsù Áfíríkà, apá kan Ọsirélíà àti New Zealand nìyẹn, irin 1067 làwọn náà ní.

Ní ti ọkọ̀ tí ẹ máa rà, ẹ wo ìkọ̀rọ̀ irin yín kí ẹ tó wo ẹwà. Kóòṣì òyìnbó, ìyẹn ọkọ̀ èrò, tó gùn ní mítà 26 á tó sẹ̀ǹtímítà 30 ní àwòṣe. Kó tó lè yí láìṣe bí ẹni fẹ́ já bọ́, ó yẹ kí ìlàjì fífẹ̀ ìyípo irin náà, láti àárín dé etí, tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 90. Ìyípo odindi á gba 180, bẹ́ẹ̀ pílíwúùdù odindi kò fẹ̀ ju 122 lọ. Wágọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ á yí níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wágọ̀n ẹrù ni mo máa ń sọ pé kéèyàn kọ́kọ́ rà, òun náà ló sì bá ìtàn wa mu: ẹ̀pà láti Kánò, màlúù láti Òkè Ọya. Kí ẹ sì yan àsìkò kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì eléèéfín kò ní iṣẹ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ 2021.

Ìwọ̀n kejì tí kò yẹ ká rẹ́ jẹ ni eré. Ọkọ̀ ẹrù tó ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ní ìdá kan nínú 87, ìṣẹ́jú àáyá 19 ló yẹ kó lò láti etí kan pílíwúùdù odindi dé etí rẹ̀ kejì ní gígùn. Ẹ fi fóònù yín ka àkókò tiyín. Bó bá kéré sí 10, ẹ dín iná rẹ̀ kù kí ẹ tó ra nǹkan kan sí i.