Ọdún 10 tí Zora gé kúrò

Ó tún ti dé o. Bí ọjọ́ 7 oṣù kìíní bá ti pé, ọjọ́ ìbí Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ á gba gbogbo ojú ìwé kan: "Eatonville ní Florida ni wọ́n bí i sí, ní 1901." Irọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Notasulga ní Alabama ni wọ́n bí i sí, ní 1891. Ọmọ ìrìn-tẹ̀-tẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbé e dé Eatonville, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìkànìyàn 1900. Ẹni tí wọn ò tíì bí, ta ló kà á?

Àwọn tó mọ òótọ́ gan-an ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ní ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù ló lò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

1904 ni Lucy ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n fi í sílé ẹ̀kọ́ ní Jacksonville, bàbá fẹ́ ìyàwó mìíràn wéré, owó ilé ẹ̀kọ́ ò wá mọ́. Zora fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ń fọ àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ náà nítorí owó tí kò wá. Kò ràn án. Ó di ẹni tó ń ti ilé onílé kan bọ́ sí òmíràn, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣe ìránṣẹ́ fún olórin kan tó ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kiri. Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni ìrìn náà já sí. 1917 nìyẹn, ó ti pé 26, kò tíì ní girama.

Òfin Maryland nígbà náà ní kí ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín ọdún 6 sí 20 kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní ọdún 6 péré ló gé, ẹni 20 ni ì bá jẹ́, kó tó di àmọ́dún òfin á ti tì í jáde. Ó gé 10. Ó di ọmọ 16, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama Morgan, ó parí ní 1918. Ó kọjá sí Yunifásítì Howard, ó ń tún èékánná ṣe fún àwọn oníbàárà onígbàjámọ̀ kó lè rówó san. Ní 1925 ó dé kọ́lẹ́jì Barnard ní New York, òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Nígbà tó gboyè ní 1928, ẹni 37 ni. Kódà òkúta tí òǹkọ̀wé Alice Walker gbé sórí sàréè rẹ̀ ní 1973, 1901 ló wà lára rẹ̀.

Ta ló rẹ́ jẹ níbẹ̀? Àga ta ló gbà?

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń há mi lọ́fun. Ní 1927, nígbà tó ṣì ń kàwé, ó lọ bá Cudjo Lewis ní Alabama, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Amẹ́ríkà kẹ́yìn; Kossola ni orúkọ àbísọ rẹ̀, wọ́n kó o láti apá Bantè, ní ilẹ̀ Benin òde òní, tí àwọn òpìtàn kan kà mọ́ àwa Yorùbá. Àpilẹ̀kọ tó kọ́kọ́ gbé jáde nípa bàbá náà, inú ìwé tí òǹkọ̀wé kan, Emma Langdon Roche, ti kọ ṣáájú ló ti da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ, kò sì sọ pé ibẹ̀ ni òun ti rí i. Lóòótọ́, ó padà lọ, ó jókòó ti bàbá, ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn, kò sí òfin Maryland kankan tí mo lè dì í rù.