Písà íńṣì 8 méjì kò tó íńṣì 12 kan

Ẹ̀yin ará Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ẹni tó bá fẹ́ ra písà ní Adó kó má ra ńlá íńṣì 12 mọ́, kó ra kékeré íńṣì 8 méjì, torí 8 àti 8 jẹ́ 16. Ire ni ẹni tó kọ ọ́ ń rò fún wa, àmọ́ ìṣirò náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbú písà ni íńṣì yẹn, láti etí kan dé èkejì. Ojú rẹ̀ là ń jẹ. Ẹ fi ìbú náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, méjì rẹ̀ jẹ́ 128. Ẹyọ kan yẹn ló pọ̀ jù.

Etí gbígbẹ tí ṣíìsì àti ẹran kì í dé ló tún ń dunni jù. Bó bá fẹ̀ tó íńṣì kan yípo, ìbú tó kù lára ńlá jẹ́ 10, ti kékeré jẹ́ 6. 100 sí 72 nìyẹn! Ìyẹ̀fun lásán la fi owó tó kù rà.

Ẹ fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n, kó gba àárín kọjá. Ẹ béèrè íńṣì kí ẹ tó sanwó, torí “medium” iléeṣẹ́ kan lè kéré sí ti èkejì, bó ti wù kí orúkọ wọn lókìkí tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 144 tàbí 128 tó jáde lókè yẹn pín owó: ká ní ńlá jẹ́ ₦9,000, ó di ₦62.50; bí kékeré méjì bá jẹ́ ₦8,500, ó lé ní ₦66. Ẹ má ṣáà fi pelebe wé èyí tó nípọn.